Àwa àti Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ìṣèlú: Ohun Tí Àwọn Ọ̀mọ̀wé Rí Nínú Ẹgbẹ́ Bíi Tiwa

  

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn láti mọ ohun tó gbé ni ṣubú, iṣẹ́ àwọn olùwádìí nìyẹn. Ẹ̀ka kan wà ní yunifásítì tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí gan-an ló ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ ìlú àti ìjọba. Òun ni ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní Political Science. Ọ̀pọ̀ òbí ni kì í fẹ́ kí ọmọ wọn lọ síbẹ̀. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tàbí ìmọ̀ òfin, inú wa a dùn, a ó máa pè é ní dókítà tàbí lọ́yà kó tó wọlé. Bí ó bá ní ìmọ̀ ìṣèlú ni òun fẹ́ kọ́, a ó bi í léèrè bóyá jàgídíjàgan ló fẹ́ yà.

Àlàyé tí mo fẹ́ ṣe kò pọ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bíi tiwa yìí ti wà lára ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣèlú ń wádìí. Ohun tí wọ́n rí kàn wá, ó sì kan àwọn ọmọ wa tí a bí sí Kaduna. Ohun tí wọ́n yóò kọ nípa wa lọ́la sì wà nínú àpótí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lónìí.

KÍ NI WỌ́N Ń ṢE NÍBẸ̀?

Ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Wọn kì í kọ́ ọmọ bí a ṣe ń pín ìrẹsì nígbà ìbò. Ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ ni pé: ta ló ní àṣẹ? Ọ̀nà wo ló gbà dé ibẹ̀? Ta ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀, ta ni wọ́n sì gbàgbé? Kí ló ń mú kí àwọn ènìyàn gbọ́ràn sí ìjọba níbì kan, tí wọ́n sì ń bá a jà níbòmíràn?

Iṣẹ́ wọn pín sí mẹ́ta. Èkíní ni kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó sábà máa ń gba ọdún mẹ́rin fún oyè àkọ́kọ́. Èkejì ni ìwádìí. Olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ìbéèrè kan, yóò ka ohun tí àwọn tó ṣáájú ti kọ, yóò lọ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, yóò fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, yóò sì kọ ohun tó rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà ní ọdún ìkẹyìn gbọ́dọ̀ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó tó gba oyè. Ẹ̀kẹta ni àwọn ètò tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ènìyàn: sẹ́mínà, ìpàdé àpérò, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ní sẹ́mínà, ẹnì kan yóò ka ìwé tó kọ, ẹlòmíràn yóò yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo ènìyàn, àwọn olùgbọ́ yóò sì béèrè ìbéèrè. Ẹni tó kà á kò gbọdọ̀ bínú. Bí ẹ bá wo ètò tòní, pẹ̀lú alága ọjọ́, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àsìkò ìbéèrè, ẹ ó rí i pé ọ̀nà tí yunifásítì ń gbà ṣe nǹkan ni a yá lò.

Àwọn tó ti ẹ̀ka yìí jáde ti ṣe iṣẹ́ tó kan gbogbo wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Eme Awa, tó darí àjọ tó ń ṣètò ìbò láti 1987 sí 1989, ọ̀mọ̀wé ìṣèlú ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu tó gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀, tó sì ṣètò ìbò June 12 ọdún 1993 tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá díje nínú rẹ̀, láti ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú ní Nsukka ló ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega, tó jẹ́ alága INEC láti 2010 sí 2015, ẹ̀ka yìí kan náà ló ti kọ́ni ní Yunifásítì Bayero ní Kano. Nígbà tirẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lo káàdì ìdìbò alálòpẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń yẹ káàdì wò, ní ìbò 2015.

ÀWỌN ILÉ Ẹ̀KỌ́ TÓ WÀ NÍTÒSÍ WA

A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí wọn. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ìjọba Àríwá ìgbà náà ló sì dá a sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Institute of Administration ti wà ní Zaria ṣáájú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì wọ inú yunifásítì náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣèlú ní Zaria ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin. Ó di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 1984, ó sì ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1990 sí 1999.

Ní inú Kaduna níbí, a ní National Defence Academy, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ààbò. A ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kaduna, KASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, tí òun náà ní ẹ̀ka yìí. A sì ní Arewa House, ilé tí Sir Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó, ń gbé nígbà tó jẹ́ olórí ìjọba Àríwá títí wọ́n fi pa á ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966. Láti 1970 ni ilé náà ti di ibi tí wọ́n ń kó ìwé ìtàn pa mọ́ sí, ó sì wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdullahi Smith ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ó ní ilé ìkàwé, wọ́n sì máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lọ gbọ́.

Ìlú wa yìí fúnra rẹ̀ ti di ohun ìwádìí. Ní 1968, Billy Dudley, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ní Àríwá. Ní 1987, Bala Takaya àti Sonni Tyoden kó àwọn àpilẹ̀kọ jọ sínú ìwé kan ní Jos lórí àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní Kaduna Mafia. Orúkọ tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníròyìn ni wọ́n gbé sórí tábìlì, wọ́n ní: ṣé ẹgbẹ́ yìí wà lóòótọ́? Àwọn wo ni, kí ló sì so wọ́n pọ̀?

ÀWÙJỌ MÉJÌ TI Ọ̀JỌ̀GBỌ́N EKEH

Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú ní Nàìjíríà ti kọ, èyí tí ayé mọ̀ jù ni àpilẹ̀kọ kan tí Peter Ekeh tẹ̀ jáde ní 1975. Ọmọ Urhobo ni, ó sì ṣe olórí ẹ̀ka náà ní Ìbàdàn. Ó kú ní 2020. Títí di òní, wọ́n ń fi àpilẹ̀kọ yẹn kọ́ni ní Amẹ́ríkà, ní Bìrìtìkó àti ní gbogbo Áfíríkà, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ bíi tiwa sì wà lára ohun tó dá lé lórí.

Ohun tí Ekeh sọ ni pé, ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, àwùjọ kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn jọ ní, ìwà tí wọ́n sì ń hù nílé ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹni tó wà níbi iṣẹ́ ìjọba. Níbi tiwa, ìjọba amúnisìn dé, ó sì dá àwùjọ kejì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a ti ní. Àwùjọ kìíní ni ti ẹbí, ìlú àti ẹ̀yà. Níbẹ̀, ìtìjú wà, ojúṣe wà, ènìyàn a máa mú owó wá láìbéèrè ohun tí yóò gbà padà. Àwùjọ kejì ni ti ìjọba: ọ́fíìsì, ọlọ́pàá, owó orí. Àlejò ló dá a sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó kà á sí tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń gbà láìfẹ́ mú nǹkan kan wá. Ẹni kan náà ló sì wà nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ inú ilé ṣe é. Bí akápò ẹgbẹ́ bá sọ pé owó oṣù ìyá arúgbó kan nínú ẹgbẹ́ kò pé, gbogbo ilé ìpàdé ni yóò dìde. Wọ́n á yẹ ìwé wò, wọ́n á pe ẹlẹ́rìí. Akápò tó bá jẹ owó ẹgbẹ́ kò ní lè dé ìlú rẹ̀ nígbà ọdún, ìtìjú náà yóò sì kan àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ kan náà bá kó owó ọ́fíìsì ìjọba, tó sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn fún ìlú, ó ṣeé ṣe kí a fi oyè dá a lọ́lá. A ó ní iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ bàbá ẹnì kankan. Ekeh kò sọ pé ọmọ Áfíríkà jẹ́ olè. Ohun tó ń sọ ni pé ìwà méjì tó yàtọ̀ ló ń darí wa ní ibi méjì tó yàtọ̀, àti pé ìtàn ló fà á.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti bá a jiyàn. Wọ́n ní owó ẹgbẹ́ náà kò ṣàìsọnù nígbà mìíràn, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn wà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀: bí a bá mọ bí a ṣe ń ṣọ́ owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́, kí ló dé tí a kò lè ṣọ́ owó ìjọba ìbílẹ̀ wa bẹ́ẹ̀? Ìmọ̀ tí a fi ń ṣe é kò ṣòro fún wa. A ti ń lò ó ní gbogbo ìpàdé.

ÌLÚ ẸNI, Ẹ̀SÌN ẸNI

Ìwádìí kejì tí mo fẹ́ mẹ́nu bà wá láti ọwọ́ ará Amẹ́ríkà kan, David Laitin. Ó gbé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1979 sí 1980. Ìbéèrè tó gbé wá ni pé: Yorùbá ní Mùsùlùmí púpọ̀, ó ní Kìrìsìtẹ́ẹ́nì púpọ̀, kí ló dé tí wọn kì í pín sí ẹgbẹ́ òṣèlú méjì nítorí ẹ̀sìn? Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1986. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìlú ẹni ló ń ṣáájú lọ́kàn Yorùbá nígbà tí ọ̀rọ̀ ìṣèlú bá dé. Ẹni tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tàbí ọmọ Ifẹ̀ ni kó tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọmọ mọ́ṣáláṣí. Ó ní bí ìjọba amúnisìn ṣe gbé ọba àti ìlú lárugẹ wà lára ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ní Kaduna, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Rògbòdìyàn oṣù Kejì àti oṣù Karùn-ún ọdún 2000 lórí òfin Ṣàríà, ti oṣù Kọkànlá ọdún 2002 lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Miss World, àti èyí tó tẹ̀lé ìbò oṣù Kẹrin ọdún 2011, pa ènìyàn, wọ́n sì yí ìlú yìí padà. Ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì kó lọ sí gúúsù odò Kaduna, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá rẹ̀. Àwọn olùwádìí ti kọ púpọ̀ lórí bí odò ṣe di ààlà. Ẹ wá ro ti ẹbí Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ Alhaji, tí àbúrò jẹ́ díákónì, tí ìyá kan náà bí wọn. Apá odò wo ni kí ìyá wọn gbé? Ilé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú jẹ́ ọ̀kan lára ibi díẹ̀ tí àwọn méjèèjì ṣì ti ń jókòó lórí àga kan náà, tí a ń fi àdúrà ẹ̀sìn méjèèjì ṣí ìpàdé. Ohun tí Laitin rí ní Ifẹ̀ lásìkò àlàáfíà, ẹgbẹ́ bíi tiwa ń gbìyànjú láti pa á mọ́ níbi tó le ju Ifẹ̀ lọ. Ìyẹn nìkan tó ohun tí ọmọ wa kan lè lọ kọ ìwé lé lórí.

SÁBÓ NÍ ÌBÀDÀN, YORÙBÁ NÍ TAMALE

Bí a bá fẹ́ mọ ara wa dáadáa, ó dára kí a wo ẹlòmíràn tó wà nípò wa. Abner Cohen, onímọ̀ àṣà ẹ̀dá, lọ gbé láàrin àwọn Hausa ní Sábó, Ìbàdàn, ní 1962 sí 1963, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1969. Láti 1916 ni Sábó ti wà. Cohen rí i pé òwò obì àti màlúù ló so wọ́n pọ̀, àti pé àwọn baba ilé, àwọn tó ń gba àlejò oníṣòwò sílé, ni òpó àdúgbò náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú dé tó sì fẹ́ gba agbára lọ́wọ́ àwọn olórí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ ẹgbẹ́ Tijaniyya, wọ́n sì tún so ara wọn pọ̀ lọ́nà mìíràn. Àwọn tí Yorùbá ń wò bí àlejò ní Ìbàdàn ń ṣe ohun tí àwa náà ń ṣe ní Kaduna: wọ́n ń wá ọ̀nà tí òwò wọn, èdè wọn àti ọmọ wọn kò fi ní sọnù.

Ọ̀rọ̀ kejì tilẹ̀ kan ẹbí àwọn kan nínú wa gan-an. Jeremy Eades kọ ìwé kan tó jáde ní 1993 lórí àwọn Yorùbá tó ṣòwò ní àríwá Ghana, pàápàá ní Tamale. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìgbòho, ọmọ Ìlọrin àti ti àwọn ìlú mìíràn ni wọ́n. Wọ́n ti ní ìsọ̀ lọ́jà, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ síbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbéyàwọlé kúrò ní Ghana láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, ọjọ́ mẹ́rìnlá ló fọ́n ọn ká. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana, a sì ń pe báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ní Ghana Must Go títí di òní. Nítorí pé olùwádìí kan lọ bá àwọn tó padà sílé sọ̀rọ̀ ni ìtàn àwọn Yorùbá Tamale fi wà nínú ìwé. Ìlú mìíràn wà tí a kò kọ tirẹ̀ sílẹ̀, ìtàn wọn sì ń bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀.

Lóòótọ́, Kaduna kì í ṣe Ghana. Orílẹ̀-èdè wa nìyí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tó kàn ti bẹ̀rẹ̀.

ỌMỌ ONÍLẸ̀ ÀTI ÀLEJÒ NÍNÚ ÒFIN

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú ní Nàìjíríà ń jiyàn lé lórí púpọ̀ ni ti ọmọ onílẹ̀ àti àlejò. Gbogbo òbí tó wà níbí ló mọ ìwé indigene. Ọmọ tí a bí sí Tudun Wada tàbí Kakuri, tó ń sọ Hausa bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ, bí ó bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí gba iṣẹ́ ìjọba, wọn yóò ní kó lọ mú ìwé wá láti ìlú bàbá rẹ̀. Bí ó bá dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn yóò bi í léèrè agbo ilé rẹ̀, wọn yóò sì rí i pé kò mọ ọ̀nà ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òfin ilẹ̀ wa ti 1999 wí. Abala 41 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti gbé níbikíbi. Abala 42 kọ̀ kí a fi ẹ̀yà tàbí ibi tí ènìyàn ti wá yà á sọ́tọ̀. Abala 15 sọ pé kí ìjọba rí i pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ẹ̀tọ́ olùgbé ní ibi gbogbo, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn abala tí ènìyàn kò lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ni abala 147 wá sọ pé kí Ààrẹ yan mínísítà kan, ó kéré tán, láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ náà. Òfin náà kò túmọ̀ ohun tó ń jẹ́ ọmọ bíbí ìpínlẹ̀. Ibi tó sún mọ́ ọn jù ni abala 318. Ó ní ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ àwùjọ tó ni ilẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ọ́, kì í ṣe iye ọdún tí ènìyàn ti gbé ibẹ̀. Ẹbí tó ti wà ní Kaduna láti ìgbà tí òyìnbó gbé olú ìlú Àríwá wá síbí ní 1917, tí bàbá wọn bá iṣẹ́ rélùwéè wá, lè máa jẹ́ àlejò títí láé ní ìbámu pẹ̀lú ìtumọ̀ yẹn.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìkà. Ètò pípín ipò káàkiri, tí a ń pè ní federal character, wọ inú òfin ní 1979 kí ẹ̀yà kan má baà gba gbogbo ipò. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé rí ni pé oògùn náà mú àrùn mìíràn wá: láti mọ ìpín ta ni, a gbọ́dọ̀ máa béèrè ọmọ ta ni ọ́. Ní 2006, àjọ Human Rights Watch tẹ ìwé ìwádìí kan jáde lórí bí wọ́n ṣe ń yan àwọn tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ jẹ, Ìpínlẹ̀ Kaduna sì wà nínú rẹ̀. Láàrin 2015 sí 2023, ìjọba Gómìnà El-Rufai kéde pé òun fẹ́ fòpin sí ìyàtọ̀ ọmọ onílẹ̀ àti àlejò ní ìpínlẹ̀ yìí, kí a máa ka ènìyàn sí olùgbé. Ìkéde ìpínlẹ̀ kan kò lè pa ìwé òfin àpapọ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lè dé orí tábìlì gómìnà.

Kí a má sì tan ara wa jẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí wa níhìn-ín ni a ń ṣe sí ẹlòmíràn nílé. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ti gba owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ọmọ tí kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí Yorùbá àti Hausa jà ní Ṣágámù ní oṣù Keje ọdún 1999, Kano ni wọ́n ti gbẹ̀san lára àwọn Yorùbá tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí a bá fún àlejò ní Ṣágámù ni ààbò ọmọ wa ní Kano àti ní Kaduna. Ẹni tó bá fẹ́ kí a tún òfin yìí ṣe níhìn-ín gbọ́dọ̀ ṣe tán láti tún un ṣe nílé.

BÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ BÁ KAN ÌLẸ̀KÙN

Kí wá ni kí a ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá pẹ̀lú ìwé ìbéèrè, ẹ má ṣe lé e. Ẹ ní kó fi lẹ́tà láti ẹ̀ka rẹ̀ hàn yín, kó sọ ohun tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, àti bóyá yóò kọ orúkọ yín. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kó má kọ orúkọ, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti fo ìbéèrè tí kò tẹ́ yín lọ́rùn. Kò sí owó tí ẹ ó san. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé bó bá parí, kó mú ẹ̀dà kan wá fún ẹgbẹ́.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ìwé wa. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ rò pé kò wúlò mọ́ ni olùwádìí ń wá kiri. Ibẹ̀ ló ti máa mọ ọdún tí ẹgbẹ́ ra ilẹ̀, iye tí a dá nígbà tí ilé ọmọ ẹgbẹ́ jóná, àwọn tó padà sílé nígbà ogun àti àwọn tó dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ lọ́la pé àná ni Yorùbá dé Kaduna, ìwé yẹn ni yóò dáhùn. Kí akọ̀wé kọ ọjọ́ àti ọdún ní kíkún, kó kọ orúkọ ènìyàn pé, kó má kàn kọ "Bàbá Kawo" nìkan. Kí a kọ orúkọ sí ẹ̀yìn fọ́tò. Kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ilé méjì ó kéré tán, nítorí a ti rí ohun tí iná lè ṣe ní ìlú yìí. Arewa House wà níbí, ẹ̀ka ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀, National Archives, náà sì wà ní Kaduna. Ìgbìmọ̀ lè lọ béèrè bí a ṣe lè fi ẹ̀dà síbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekeh tó kọ̀wé lórí ẹgbẹ́ àwọn ẹlòmíràn fúnra rẹ̀ ló dá Urhobo Historical Society sílẹ̀ ní 1999, kí ìwé àti ìtàn àwọn ènìyàn rẹ̀ má baà parun. Ó ti rí i pé ohun tí a kò bá kọ, ẹlòmíràn ni yóò bá wa kọ ọ́, bó ṣe wù ú.

Ẹ̀kẹta, bí ọmọ kan bá sọ pé ìmọ̀ ìṣèlú ni òun fẹ́ kọ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Bí ẹgbẹ́ bá sì ní agbára, ẹ jẹ́ kí a ran akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́ lọ́dọọdún láti kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ lórí Yorùbá ní Kaduna, kó sì wá kà á fún wa ní ọjọ́ bí òní. Àwọn ìyá wa tó ta ata ní ọjà ní ìgbà rélùwéè, àwọn bàbá wa tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri, wọn kò pọ̀ mọ́. Àsìkò tí a lè bi wọ́n léèrè nìyí.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí, kí ó fi ìṣọ̀kan sáàrin ẹgbẹ́ wa, kí ó fún Kaduna àti gbogbo Nàìjíríà ní àlàáfíà. Àmín.